Ilé Tí Wọ́n Ti Ń Dárúkọ Ara Wọn Kí Wọ́n Tó Wọlé

Ràmọ́tà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé a ti dé Àpápá. Inú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa láti Màrínà la wà. Èmi àti Sàláwù, bàbá rẹ̀, ń wo àwọn ọkọ̀ òkun tó dúró gbàgìdì lójú omi bí ilé alájà, a ò mọ èyí tí à bá kọ́kọ́ wò, nígbà tí ọmọ náà gbé imú sókè tó ní, "Bàbá, kòkó." Bàbá rẹ̀ ní kòkó wo, láàárín omi? Àmọ́ nígbà tí atẹ́gùn yí padà sọ́dọ̀ wa, àwa náà gbọ́ òórùn rẹ̀. Kòkó gbígbẹ ni lóòótọ́, kòkó inú àpò ìdọ̀họ, òórùn tí gbogbo ojúde wa máa ń rùn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Sàláwù ti ń sá kòkó láti kékeré. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé àwọn tó ń wọ̀n ọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n á ní òkè òkun ló ń lọ. Ó di irin etí ọkọ̀ náà mú, ó ń wo àwọn ilé ìkẹ́rù gígùn tó wà létí omi. Ó ní, "Ibi tó ń gbà lọ rè é."

Ẹ̀yin ará ilé, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń ní kí n ro ìrìn-àjò yìí fún yín. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀ kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún ni a lọ. Ogun ti parí, sójà ṣì pọ̀ nígboro, Àpápá ṣì jẹ́ ìlú tí ènìyàn lè dá rìn láàárín títì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ẹyẹ nìkan yóò máa ké. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí tó rí bí àwọn tírélà ṣe tò síra wọn yóò pè mí ní òpùrọ́.

Télọ̀ ni mí nígbà náà, bí mo ṣe jẹ́ télọ̀ títí dòní. Ilé Sàláwù ló kángun sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìrágbìjí. Èéyi ló gba ojú Ràmọ́tà nígbà tó wà ní kékeré, ìdí ẹ̀rọ mi ló sì máa ń jókòó sí tó ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo, olójú méjì sọ́tọ̀, olójú mẹ́rin sọ́tọ̀. Mo wò ó títí, mo wá rò ó pé ìka tó mọ bọ́tìnnì yóò mọ lẹ́tà. Ọwọ́ àjèjì kan tó gba ìlú wa kọjá ni mo ti rí páálí tí wọ́n tẹ lẹ́tà bíréèlì sí, èyí tí àwọn tí kò ríran máa ń fi ìka kà. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo fi páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo ń wò ó bí mo ṣe ń ránṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ó dùn mọ́ mi dé egungun. Kókó mẹ́fà péré ni gbogbo rẹ̀, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, bí ẹyin tí a tò sínú páálí. Bí ẹ bá mú ti òkè lápá òsì nìkan, A nìyẹn. Bí ẹ bá fi èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kún un, ó di B. Ẹ̀yìn ìwé la ti máa ń gún un, láti ọ̀tún sí òsì, kí kókó náà lè yọ lójú ìwé nígbà tí ẹ bá dà á dé. Abẹ́rẹ́ máa ń lu ìwé já, kò dára. Òòlù àwọn oníṣẹ́ bàtà tí mo fi òkúta pa ẹnu rẹ̀ ni mo lò. Ìwé rẹ̀ ní láti nípọn. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ló dára jù. Láàárín òjò kan sí ẹ̀ẹ̀rùn kan, Ràmọ́tà ti ń kàwé jù mí lọ.

Tíṣà kan wà ní Àpápá tí òun náà kò ríran, tí mo máa ń kọ ìwé sí láti bi í ní ìbéèrè. Òun ló ní kí a wá sí ìpàdé òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tí ojú wọn kò ríran tàbí tí kò ríran tán, àwọn àti ẹbí wọn. Bí ìpàdé náà bá parí, ọmọ tí òbí rẹ̀ bá gbà yóò dúró ní Èkó láti kọ́ iṣẹ́ tẹlifóònù àti ìwé títẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwé yẹn sétí Ràmọ́tà ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Ó fẹ́ dúró. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Sàláwù ní òun fúnra òun ni yóò tẹ̀ lé wa. Ó ní bí òun bá rí i pé ibẹ̀ dára, ọmọ á dúró. Bí òun bá rí i pé wọn yóò bà á jẹ́, gbogbo wa la jọ ń bọ̀ wálé. Ẹ sì mọ ohun tó pè ní ìbàjẹ́. Ohun tó fi ń yangàn nípa ọmọ rẹ̀ ni ìkíni. Kò sí àgbà tó kọjá lójúde wa tí Ràmọ́tà kì í kúnlẹ̀ kí, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kì í ṣì wọ́n pè. Àwọn èèyàn á ní ọmọ yìí ní ojú inú, Sàláwù á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọmọ mi mọ̀ mí láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn." Ẹ̀rù ń bà á pé Èkó yóò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Torí Èkó yìí náà ló ṣe fi bàtà táyà tó máa ń wọ̀ lójoojúmọ́ sílé, tó ra kánfáàsì funfun.

Obìnrin Tó Ń Kígbe Orúkọ Ara Rẹ̀

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n fi wá wọ̀ sí, nítorí àwọn ẹbí tó wá láti òkèèrè ni wọ́n pín sí ilé àwọn ẹbí tó wà nílẹ̀. Títì kan ló pín in níyà sí Àpápá, ṣùgbọ́n ẹ ó rò pé ẹ ti kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́hùn-ún, ilé òyìnbó, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, igi olódòdó pupa lẹ́bàá ọ̀nà. Níhìn-ín, ilé pákó àti ilé páànù fara ti ara wọn lórí ilẹ̀ tó rọ̀, ẹja ń rùn, ẹ̀fọ́n ń kọrin lójú ọ̀sán. Láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, mo gbọ́ èdè Ìjọ, Ùròbò, Íbò, Ìlàjẹ àti Haúsá. Pijin ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn jà, òun náà ni wọ́n fi ń parí ìjà.

Àwa la di àjèjì. Mo kí ọkùnrin kan báyìí, mo bá a béèrè aya, mo béèrè ọmọ, mo béèrè iṣẹ́, kí n tó dé orí bí oorun ṣe rí ó ti lọ jìnnà. Àwọn ọmọdé ń sín Yorùbá wa jẹ, wọ́n ní a ń fà á bí ẹni ń fa igi nílẹ̀. Sàláwù ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, ó ní ebi ọ̀rọ̀ ló ń pa wọ́n.

Obìnrin kan láti ẹ̀yà Ìjọ tí wọ́n ń pè ní Màmá Ẹ̀bí ló gbà wá sílé. Ó ga, ó sanra, ẹja yíyan ló ń tà. Ẹ̀bí ọmọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kò ríran láti inú oyún. Kí a tó jókòó tán la ti rí ohun tó yà wá lẹ́nu. Bí obìnrin yìí bá ti ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, á pariwo, "Na me o, na Mama Ebi dey come!" Bó bá jáde, á kéde pé òun jáde. Bó bá gbé omi bọ̀, á dárúkọ ara rẹ̀, á dárúkọ omi. Àwọn ará ilé yòókù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sọ orúkọ rẹ̀ fún Ẹ̀bí kí Ẹ̀bí tó kí i.

Sàláwù fẹnu sí mi létí. Ó ní, "Télọ̀, ṣé obìnrin yìí máa ń gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ ni?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ó gbọ́."

Oúnjẹ tó gbé fún wa ni sítáàsì, èyí tí wọ́n fi omi ẹ̀gẹ́ tó silẹ̀ rò lórí iná pẹ̀lú epo, tó pọ́n bí ìyeyè, tó ń dán. Ọbẹ̀ ẹyìn ló bá a rìn, ẹja tútù àti ẹja gbígbẹ nínú rẹ̀, ó ní ewé kan tó ń ta sánsán tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Sàláwù bu òkèlè bí ẹni ń bu iyán. Sítáàsì náà gùn láti abọ́ dé ẹnu rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì já a kúrò ni ọwọ́ òsì náà há. Ẹ̀bí gbọ́ ìró rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọbẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ bọ̀. Bí epo bá ti wà níka, kò ní lẹ̀ mọ́ yín." Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Ràmọ́tà ti jẹ tirẹ̀ tán.

Ẹ̀rọ Olórí Mẹ́fà

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àpápá ni ìpàdé náà wà, kò jìnnà sí Liverpool Road. Bí a ṣe ń wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ohùn kan ní, "Ta ló wọlé?" Tíṣà ni. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ kóòtù ni, àgbà bí ẹni tó ju Sàláwù lọ. Ó sọ fún àwọn tó wà níjokòó pé òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yìí: ẹni tó bá wọlé ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tó ń dárúkọ ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọba. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọdé á wá kí i bó ṣe yẹ. Ó ní ohùn ni kí ó máa ṣíwájú ẹsẹ̀.

Ó dùn mọ́ mi. Mo ní, "Èmi ni Láyí, télọ̀, láti Ìrágbìjí," gbogbo ilé sì dá mi lóhùn. Sàláwù kò sí níbẹ̀ nígbà náà, ó dúró níta ń wo ọkọ̀ ẹrù. Nígbà tí mo wá sọ òfin náà fún un, ó mi orí. Ó ní àwọn tí kò mọ ara wọn ni ìyẹn wà fún. "Ọmọ mi mọ̀ mí," ló wí. Ó wọlé, ó lọ jókòó lẹ́yìn láìsọ nǹkan kan.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wá pọ̀. Àwọn kan lè rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n ń gbé ìwé dé imú. Àwọn ìyá kan wà tí wọn kò tíì bá òbí ẹlòmíràn tí ọmọ rẹ̀ kò ríran sọ̀rọ̀ rí láyé wọn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọn kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ìyá kan láti Epe ní gbogbo àdúgbò òun ló ń bi òun pé kí ni òun ṣe. Ìyá kejì ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń bi òun. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fojú kan ẹ̀rọ bíréèlì. Irin ni, ó wúwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láìsí ẹsẹ̀, ó ní orí mẹ́fà tí wọ́n ń tẹ̀ àti ọ̀kan gbọọrọ láàárín tí wọ́n fi ń fo àlàfo. Ẹ tẹ orí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kókó mẹ́ta á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òkè ló ti ń yọ, kò sí pé à ń dà á dé. Mo rántí gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti dì nítorí òòlù. Tíṣà fọwọ́ kan ìwé tí mo fi òòlù gún, tí mo gbé láti ilé, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin òkun ti ń mú kókó rẹ̀ tẹ́. Ó tọ̀nà. Ìwé tó le kárakára nílé ti rọ̀ bí aṣọ tí kò tíì gbẹ lókùn. Ó kọ́ mi pé kí n máa fi àtè fẹ́lẹ́ kùn ún lẹ́yìn. Mo ń ṣe é títí dòní.

Lọ́sàn-án, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí etí títì láti kọ́ bí a ti ń fi ọ̀pá funfun sọdá. Ẹ̀bí ló mú Ràmọ́tà dání. Ó ń ṣàlàyé fún un pé ní ti òun, gbogbo ọjọ́ ayé òun ni òun fi mọ̀ pé apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ti ń kọ́kọ́ bọ̀. "Government change road for night," ló wí, "nobody come tell my ear." Ó ní ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan ni òun fi jókòó sílé kí etí òun tó kọ́ ọ. Ó ní ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, oríire ni tìrẹ, o ò ní nǹkan tí wàá gbàgbé.

Sàláwù dúró lábẹ́ igi ní òdìkejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà mú. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá, ilẹ̀ mì. Ràmọ́tà yí etí sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún, ó na ọ̀pá síwájú, ó sọdá. Òun nìkan ni. Nígbà tó dé apá kejì ó rẹ́rìn-ín tí n kò rí i kí ó rín rí. Mo wo Sàláwù, omi lé sójú rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí, ó ti gbà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Kò pẹ́ sí i, bí a ṣe ń padà sí gbọ̀ngàn ni. Sàláwù ti ṣíwájú, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan tí gbogbo ènìyàn ní láti gbà. Ó fara ti ògiri, ó ń dúró de ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Mo rí i láti ẹ̀yìn. Ràmọ́tà ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, orí rẹ̀ gbé sókè. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó dúró díẹ̀. Ojú rẹ̀ le. Ó sì kọjá lára rẹ̀ láìkúnlẹ̀, láìkí i, bí ẹni kọjá lára àga.

Ẹ̀yin tó mọ Sàláwù, ẹ mọ̀ pé kì í pariwo. Ó wo ibi tí ọmọ náà gbà lọ. Ó ní, "Ọjọ́ kan péré, Télọ̀. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi. Kí ó di ẹrù rẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tí a padà sí Ajégúnlẹ̀, ó sọ fún Ràmọ́tà pé a ń lọ sílé. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ó ń fi ìka ra orí ìwé tí wọ́n fún un ní gbọ̀ngàn, láìka nǹkan kan níbẹ̀.

Màmá Ẹ̀bí gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó kígbe pé òun Màmá Ẹ̀bí ló ń bọ̀, ó wọlé, ó sì bi Sàláwù pé kí ló dé. Sàláwù sọ fún un, ohùn rẹ̀ kéré. Obìnrin náà fọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Nígbà tó ń kọjá, ẹ sọ̀rọ̀?"

Ó ní kí ni òun fẹ́ sọ? Ọmọ ló ń kí bàbá, kì í ṣe bàbá ló ń kí ọmọ.

"Ẹ wúkọ́?"

Ó ní ara òun le.

"So you just stand like pole." Ó yí sí mi, ó yí padà sí i. "Bàbá, òpó iná wà ní iwájú ilé yìí, Ẹ̀bí ti forí sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò kí i rí."

Ẹ̀bí ní òun kí i lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èébú ni. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Sàláwù ní ti ọmọ tiwọn nìyẹn. Ó ní nílé, Ràmọ́tà kì í ṣì òun mọ̀.

Ìgbà náà ni Ràmọ́tà gbé orí sókè. Ó kúnlẹ̀ níbi tó wà, ó kọjú sí ohùn bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìyá mi ló máa ń fọwọ́ kàn mí léjìká. Ẹ̀ẹ̀kan, obìnrin ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, ọkùnrin ni. Bó bá tẹ̀ mí léjìká tí kò gbé ọwọ́ kúrò, ẹ̀yin ni."

Èmi náà rí i lójú mi nísinsìnyí: ìyá Ràmọ́tà lórí pẹpẹ iwájú ilé, ó ń ṣa ìrẹsì, ọwọ́ rẹ̀ kan wà léjìká ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo ti rò pé ìfẹ́ lásán ni.

Sàláwù ní, "Nígbà tí ìyá rẹ bá lọ sọ́jà ńkọ́?"

"Bàtà táyà yín ni. Ó máa ń pa ariwo."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kánfáàsì funfun náà mọ́ tónítóní.

"Mo mọ̀ pé ẹnìkan dúró níbẹ̀ lónìí," Ràmọ́tà tún wí. "Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń dúró wò wá láìsọ̀rọ̀ ni. Wọ́n pọ̀, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Sàláwù dìde, ó ní òun fẹ́ lọ kírun. Ó pẹ́ níta ju bí ìrun ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ẹrù Ràmọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà ní dídì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá kí a tú u.

Ẹnu Ọ̀nà

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ kádìí ìpàdé. Àwọn òbí tó bá gbà kí ọmọ wọn dúró ni yóò wá sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Èmi àti Ràmọ́tà tẹ̀ lé Ẹ̀bí àti ìyá rẹ̀ lọ. Sàláwù ní kí a máa lọ ná. A gbé ẹrù náà dání, nítorí kò sọ pé kí a má gbé e.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti jẹ ìrẹsì, wọ́n ti mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọmọdébìnrin kan ti fi ìka ka ìwé sókè tí ìyá rẹ̀ ń sunkún. Ìyá ará Epe ti dìde, ó ní ọmọ òun dúró. Bàbá kan láti Ìkòròdú ní òun ń mú tòun lọ, ṣùgbọ́n òun ń padà bọ̀. Ràmọ́tà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹrù.

Mo rí Sàláwù lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀ bó ṣe dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lánàá. Ó ti wọ agbádá rẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wo àgbàlagbà tó ti ní àwọn ìyàwó ilé tó ń kúnlẹ̀ fún un láàárọ̀, tí ọmọdé kò pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀ rí, kí ó wá dúró níwájú àjèjì kí ó máa pe ara rẹ̀. Òógùn yọ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún Ràmọ́tà pé ó ti dé, mo mú ẹnu mi dúró. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí ó sọ ọ́.

Ó wúkọ́. Ó ní, "Sàláwù ni."

Kò dún tó. Tíṣà ní, "Ẹ dákun, ta ni?"

"Sàláwù ni," ó wí, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo gbọ̀ngàn. "Sàláwù, àgbẹ̀ kòkó, láti Ìrágbìjí. Èmi ni bàbá Ràmọ́tà."

Gbogbo ilé ní, "Ẹ káàbọ̀." Ràmọ́tà ti wà lórí eékún kí wọ́n tó dákẹ́, ojú rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà gan-an, kò fi ìka kan ṣì í. "Bàbá, ẹ káàsán, ẹ kú ìrìn."

Ó wá bá a níbi tó wà, ó fà á dìde. Ó tẹ̀ ẹ́ léjìká, kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó sọ fún Tíṣà pé ọmọ òun ń dúró. Ó ní kí wọ́n kọ́ ọ ní tẹlifóònù náà dáadáa, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó gbàgbé ìkíni. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹrù ọmọ rẹ̀ lé orí ara rẹ̀, ó gbé e padà sí Ajégúnlẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Bí a ṣe dé ojúlé, ó dúró, ó pariwo pé òun Sàláwù ló ń bọ̀. Màmá Ẹ̀bí dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Ehen. Bàbá don sabi him name."

Lẹ́yìn Tí A Dé

Àwọn tó bá dàgbà díẹ̀ nínú yín á rántí bí Sàláwù ṣe wá ń ṣe lẹ́yìn ìrìn-àjò náà. Bó bá ti oko dé, á ti ìsàlẹ̀ ojúde máa kígbe, "Sàláwù ló ń bọ̀ o." Ràmọ́tà kò sí nílé. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé náà tí kò ríran. Àwọn ọmọ á máa sín in jẹ, àwọn ìyàwó á máa bojú rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ pé Èkó ti dà á lórí rú. Ìyá Ràmọ́tà nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Á dá a lóhùn láti inú ilé, á ní, "A ti gbọ́."

Ní ọdún kejì, Ràmọ́tà rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Àpápá, ó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí tẹlifóònù. Èmi àti Sàláwù lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Òṣogbo láti pè é. A tò títí ó fi kàn wá. Mo gbé irin tẹlifóònù fún un, mo fi hàn án apá tó ń lọ sétí. Mo fi etí tèmi náà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn ọmọbìnrin kan dún láti ọ̀nà jíjìn, ó dá ṣáká, ó kí wa lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ó ní ta ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

Sàláwù wo irin náà, ó wò mí. Ohùn náà tún béèrè pé ta ni.

Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì fi ọwọ́ náà síbẹ̀.

"Sàláwù ni," ó wí. "Bàbá rẹ."

Ìró àga tó sún sẹ́yìn ni mo gbọ́, lẹ́yìn náà ìró eékún méjì tó kanlẹ̀ pákó ní Àpápá lọ́hùn-ún, kí ó tó wá dáhùn.